Mo Kí Yín, Ẹ Ò Gbọ́

Ìbà o! Mo júbà ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ni ọjà, mo júbà ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ni òru, mo júbà ọmọdé tó ń jẹ́ ìpè àkọ́kọ́. Ẹ̀fẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Ní Kétu níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lóru, ẹlẹ́fẹ̀ á kọ́kọ́ forí balẹ̀ fún gbogbo ẹni tó yẹ, kó tó wá tú àṣírí ìlú. Èmi náà ti ṣe tèmi. Ẹ̀yin ọlọ́kùn-létí nìkan ni mi ò júbà. Kì í ṣe ìgbéraga o. Mo kí yín, ẹ ń mi orí, mo rò pé ẹ ń dá mi lóhùn ni. Àṣé ìlù lẹ̀ ń bá lọ.

Ó dáa. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ò ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí n bú yín ní gbangba.

Ìwọ àbúrò tó jókòó sẹ́yìn dánfó láti Ìyànà-Ìpájà, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ mú. Íápíìsì wà létí rẹ, àmọ́ gbogbo ọkọ̀ la jọ ń gbọ́ ọ. Tsì-tsì-tsì, tsì-tsì-tsì. A ò gbọ́ ohùn olórin, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ń jò jáde nìkan ló kàn wá. Ìyá oníṣu tó jókòó tì ọ́ ò mọ̀ bóyá kó jó ni àbí kó gbàdúrà. Kọ́ńdọ́ ní “owó dà?”, kò sí ìdáhùn. Ó ní “bọ̀dá aláṣọ pupa, owó ọkọ̀!”, o ń mi orí. Ó bẹ ará ìjókòó kan pé kí wọ́n bá òun tọ́ ọ. Wọ́n tọ́ ọ, o yọ ẹyọ kan létí, o jágbe mọ́ gbogbo wa: “KÍ LÓ DÉ?!” Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá ọ jà. Ariwo inú orí rẹ lo fẹ́ fi ohùn borí. Kò sì dìgbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wá ká tó mọ irú yín. Bí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí ọ bá sọ̀rọ̀ tó ò gbọ́, tàbí tí òun bá ń gbọ́ orin tó yẹ kó jẹ́ tìrẹ nìkan, o ti kọjá ààlà. Ìyá oníṣu gan-an lè bá ọ ṣe àyẹ̀wò yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Íápíìsì wo ló tiẹ̀ wà létí rẹ ná? Èyí tó o rà lójú fèrèsé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ọ́ta ni. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀tún ń dún, òsì ń dún. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ọ̀tún ti dákẹ́. Ẹlòmíràn á sọ ọ́ nù. Ìwọ lọ́ wáyà rẹ̀ sọ́tùn-ún, o lọ́ ọ sósì, o fi sẹ́lótéèpù dè é, o fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ fóònù. Nígbà tó kọ̀ jálẹ̀, o gbé fólúùmù lọ sí òpin, kí etí òsì máa gbọ́ tiẹ̀, kó sì máa gbọ́ ti olóògbé. Etí òsì yẹn ò ṣẹ ẹnì kankan. Ogún ló jẹ, gbèsè ló sì bá nínú ẹ̀.

Ìwọ ọlọ́kadà tó ń sáré ní Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn, mi ò ní bú ọ púpọ̀, torí àwọn onítírélà ń bú ọ lójoojúmọ́ tó ò gbọ́. Okùn gba abẹ́ fìlà wọ etí rẹ, hóònù ń ké lẹ́yìn, fújì ń ké nínú. Èrò tó o gbé ní “ó wà o!”, o sáré sí i. Ó fọwọ́ gbá ọ lẹ́yìn, o rò pé orin ló dùn mọ́ ọn.

Ìwọ tó ń fi íápíìsì sétí sùn ńkọ́? Orin bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, àkùkọ kọ, orin ò tíì dákẹ́. Ta ló ń gbọ́ ọ? Ìwọ ti lọ sójú àlá, etí rẹ nìkan lo fi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ òru, o ò sì san owó òru fún un.

Ẹ̀sùn tí mo fi kàn yín gan-an nìyí: ariwo lẹ̀ ń fi lé ariwo. Ẹ ń gbé ìlú tí jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour”, ń ké lábẹ́ fèrèsé, tí ṣọ́ọ̀ṣì dojú sípíkà kọ mọ́ṣáláṣí, tí mọ́ṣáláṣí dojú tiẹ̀ kọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí alágbo ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí láàárín àwọn méjèèjì. Ìyẹn ò tó yín. Ẹ tún fowó ra tiyín, ẹ rọ ọ́ sínú etí, ẹ wá gbé e sókè ju ti ìta lọ kó lè borí. Ó borí lóòótọ́. Ta ló pàdánù? Àjọ LASEPA máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ijó pa l'Ékòó nítorí ariwo. Wọn ò lè wọ ihò etí rẹ lọ fi àgádágodo sí i.

Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ìdí tí àwọn kan fi ń ra hẹ́ẹ̀dífóònù láyé àtijọ́. Ní 1910, Nathaniel Baldwin, ará Utah ní Amẹ́ríkà, ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe hẹ́ẹ̀dífóònù nínú ilé ìdáná rẹ̀, àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ náà sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn tó wà nídìí wáyálẹ́ẹ̀sì lè gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀, tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n rà á kí èèyàn lè gbọ́ ohun tí etí lásán ò gbọ́. Ìwọ gbà á lọ́wọ́ wọn, o sọ ọ́ di ohun tí ò ní jẹ́ kó o gbọ́ ìyá rẹ nínú yàrá kejì.

Wàyí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò dátà, ẹ jẹ́ ká ṣírò etí. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní tó bá jẹ́ 80 ni, àgbàlagbà lè gbọ́ ọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kó má mú ewu wá. Ó pọ̀ tó, àbí? Ẹ gbé e dé 90, ó ti di wákàtí 4. Ẹ gbé e dé 100, ìṣẹ́jú 20 péré ló kù. Lọ́sẹ̀ o, kì í ṣe lóòjọ́! Ẹ̀tàn dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni pé kì í gorí bí owó ṣe ń gorí: tẹ́ ẹ bá fi 3 kún un, agbára tó ń kọlu etí ti di ìlọ́po méjì, àsìkò yín sì ti gé sí ìdajì. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè ta ohùn kọjá 100 tẹ́ ẹ bá gbé e dé òpin. Torí náà, ẹni tó wọkọ̀ ní Bẹ́jà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tó gbé fólúùmù dé orí, ti jẹ ti ọ̀sẹ̀ rẹ̀ tán kó tó dé Kétu. Kétu ti Èkó ni mo wí o, kì í ṣe ti ẹlẹ́fẹ̀. Gbogbo èyí tó bá gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn títí di ọjọ́ Àìkú, àwìn ni.

Ẹ ò sì kéré níye. Àjọ yẹn náà ló ní àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 12 sí 35 tí wọ́n ń fi ìgbọ́kúgbọ̀ọ́ wéwu báyìí ju bílíọ̀nù kan lọ káàkiri ayé. Bílíọ̀nù kan èèyàn tó ń béèrè pé “kí lẹ wí?”

Fóònù gan-an ti bẹ̀ yín títí. Lọ́dún 2019, WHO àti àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ITU, jọ gbé ìlànà kan jáde pé kí àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin máa ka iye ohùn tó ń wọ etí, kí wọ́n sì máa kìlọ̀ fún oní nǹkan. Ọ̀pọ̀ fóònù ti ń kìlọ̀. Ẹ ń gbé fólúùmù sókè, ó dúró lójijì, ó kọ ọ́ síta pé èyí tẹ́ ẹ ń lọ yìí lè ba etí jẹ́, ṣé ẹ ṣì ń lọ? Irin ni o! Irin tí kò bá yín tan, tí kò jẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín, ló dúró lójú ọ̀nà tó ń ṣípẹ̀ fún yín. Kí lẹ ń ṣe? Ẹ tẹ “OK”. Ẹ ò tiẹ̀ kà á. Nínú gbogbo àdéhùn tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí láyé, mi ò rí èyí tẹ́ ẹ fi ìkánjú fọwọ́ sí tó ìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú ihò náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń gbọ́. Lẹ́yìn awọ etí, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀yà kan wà tó ká mọ́ra, tí omi kún inú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà níbẹ̀, nǹkan bíi 15,000 nínú etí kan. Tí ohùn bá wọlé, omi á mì, irun wọn á tẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ìyẹn ni orin, ìyẹn ni òfófó, ìyẹn ni “owó dà”. Tí ohùn bá le jù tàbí tó pẹ́ jù, irun á ṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì á kú. Èyí tó bá kú nínú etí èèyàn kì í hù mọ́. Kò sí ọṣẹ, kò sí àgbo, ẹni tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí yẹn gan-an ò ní in nínú ìgò.

Adìẹ ńkọ́? Ní 1988, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé e jáde pé tí ariwo bá pa sẹ́ẹ̀lì onírun nínú etí adìẹ, tuntun máa ń hù rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, adìẹ ti ń gbọ́ràn padà. Adìẹ! Ẹni tẹ́ ẹ ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ro etí! Tiẹ̀ ń hù, ti ìwọ tó o gboyè ní yunifásítì ò hù. Nínú ìwọ àti adìẹ tó wà lórí ìrẹsì rẹ, ẹni tó yẹ kó máa fi íápíìsì sétí ti hàn kedere.

Ibi tó wá burú sí fún àwa Yorùbá nìyí. Ohùn tó tín-ín-rín, tó ga, ni ariwo máa ń kọ́kọ́ jí gbé. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípọn, wọn kì í tètè lọ. “F” ló ń lọ, “s” àti “ṣ” ń tẹ̀ lé e, “t” àti “k” kì í sì pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti jẹ bẹ́ẹ̀, bí dùndún ṣe ń fọhùn ni gbogbo ayé á máa fọhùn sí i: á gbọ́ ròkè-rodò, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ sì mọ àwọn Àyàn. Wọ́n á fi ìlù bú èèyàn, wọ́n á ní oríkì bàbá rẹ̀ ni àwọn ń kì, ohùn kan náà ṣáà ni. Lóde ìnáwó, ìyẹn dùn. Nínú ilé, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Wọ́n ní “bọ̀dá yín ti kọ́lé”, ìwọ gbọ́ “bọ̀dá yín ti fọ́lé”, o ti ń wá lọ́yà fún un. Ọ̀gá ní ìpàdé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, o gbọ́ ọ̀tẹ̀ tó ń bọ̀, o ti ń wo gbogbo ará ọ́fíìsì tìfura-tìfura. Ọmọge ní “mo sẹ́ ẹ lójú mọ́mì mi”, ìwọ gbọ́ “mo fẹ́ ẹ lójú mọ́mì mi”, o ti lọ ń wá alága ìdúró.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣì mí gbọ́. Mi ò fi adití ṣe yẹ̀yẹ́. Adití ní èdè ọwọ́ tiẹ̀, ó sì ń fi í sọ̀rọ̀ já gaara. Ẹni tí mò ń bú ni ẹni tí Ọlọ́run fún létí, tó wá ń lo owó oṣù láti dá a padà.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti ń rẹ́rìn-ín láti òkè, ẹ jókòó, ó kàn yín. Ẹ dé ibi òwàm̀bẹ̀, àga pọ̀ lẹ́yìn, ẹ ní iwájú lẹ̀ ń lọ, torí ẹ̀yin ni àbúrò ẹni tó mú ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mọ ọkọ rẹ̀. Sípíkà tó ga jù yín lọ dojú kọ etí yín ọ̀tún. Ẹ bá ará tábìlì yín sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnì kankan ò gbọ́ ẹnìkejì, ẹ sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ délé, etí dí gbọnin-gbọnin, ó ń hó yee. Ẹ ní “a gbádùn ara wa lónìí”. Lọ́jọ́ kejì ó là, ẹ rò pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ lílà yẹn ló ń tan yín padà síwájú sípíkà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2022, WHO fi ìlànà lélẹ̀ pé tí wọ́n bá ṣírò àròpín ohùn níbi ijó, kò gbọdọ̀ ju 100 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹni tó bá láyà nínú yín, kó lọ sọ ìyẹn fún onífújì tó ti gba owó àsansílẹ̀. Ẹ̀yin mọ́mì tẹ́ ẹ ń fi íápíìsì gba àdúrà òru, tẹ́ ẹ gbé ìwàásù dé òpin fólúùmù, etí Ọlọ́run ò di o. Ẹ rọra, kí tiyín má baà di.

Àìmọ̀wàáhù inú ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará Jàpáànù sì rí i. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Sony gbé Walkman àkọ́kọ́, ẹ̀rọ orin tí èèyàn lè máa gbé rìn, jáde ní oṣù Keje ọdún 1979, ihò méjì ni wọ́n ṣe sí i, kí èèyàn méjì lè jọ gbọ́. Wọ́n tún fi bọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn kan sí i: tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, orin á lọ sílẹ̀, ohùn ẹnìkejì yín á sì gba inú makirofóònù kékeré kan wọlé. Akio Morita, ọ̀gá wọn, ló rò pé kò bójú mu kí ẹnì kan dá jókòó, kó di etí sí ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó fẹ́ tajà ló ronú bẹ́ẹ̀! Ìwọ, bàbá ìyàwó rẹ wọlé, o gbé ìka kan sókè pé kí wọ́n dúró kí ègbè parí. Ẹ̀yin olólùfẹ́ tẹ́ ẹ ń pín in ní ẹyọ kan etí kan, ẹ̀yin mọ ìwà hù ju ìyẹn lọ, àmọ́ èérí etí lẹ̀ ń fi ṣe pàṣípààrọ̀, kòkòrò tó ń mú etí ṣọyún sì mọ ọ̀nà ilé àna.

Mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú sígbó. Ta ló fẹ́ gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà láti inú sípíkà fóònù lásán? Ìjà tẹ́ ẹ ń bá ìlú jà ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo fólúùmù yín nílé, láàárọ̀ kùtùkùtù kí aládùúgbò tó fa jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e sí ibi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ọ dáadáa, kó má kọjá 60 nínú 100, kẹ́ ẹ sì gbàgbé ibi tí bọ́tìnnì wà. Tẹ́ ẹ bá wọ dánfó tẹ́ ò gbọ́ ọ mọ́, ẹ gbà pé dánfó ti borí, ẹ fi í sápò. Ẹni tí kò bá lè gbà bẹ́ẹ̀, kó ra èyí tí rọ́bà orí rẹ̀ dí ihò etí dáadáa, kí ariwo ìta dúró síta. Ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ra èyí tó ní makirofóònù tó ń gbọ́ ariwo ìta, tó sì ń ta ohùn tó dojú kọ ọ́ láti pa á lẹ́nu mọ́. Ìyẹn dáa nínú ọkọ̀ tàbí bàálù. Àmọ́ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fò títì, torí ohùn hóònù wà lára ohun tó ń pa lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ jẹ́ kí etí lọ mumi. Ti ọmọdé, ẹ de fólúùmù rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú fóònù, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í. 75 ni WHO dá fún wọn, kì í ṣe 80. Ọmọ náà á wá nọ́ńbà yẹn rí láàárín ọjọ́ méjì, àmọ́ ẹ ṣáà gbìyànjú.

Àbí kẹ́ ẹ ṣe bíi ti ọ̀kan nínú yín tí etí rẹ̀ ti ń hó láti ọjọ́ pípẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ fi tipátipá wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ etí wò. Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan tí ariwo ìta ò lè wọ̀, wọ́n gbé hẹ́ẹ̀dífóònù ńlá lé e lórí. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ibí yìí mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n fún un ní bọ́tìnnì, wọ́n ní tó bá ti gbọ́ nǹkan tó dún pín-ín, kó tẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kíá, ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tẹ̀, ó tẹ̀, ó tún tẹ̀, ó ń wo nọ́ọ̀sì láti ojú gíláàsì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun ń yege. Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó fara balẹ̀ yọ hẹ́ẹ̀dífóònù kúrò lórí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ rọra. A ò tíì tan ẹ̀rọ.”